Ara Yìí, Ohun Ìfipamọ́ Ọlọ́hun Ni

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá wa ní ìrísí tó dára, tí Ó fún wa ní ọwọ́ tí a fi ń roko àti ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn lọ sí mọ́sáláṣí. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn ní rere títí di Ọjọ́ Ẹ̀san.



Arákùnrin kan wà láàárín wa tí a kò ní dárúkọ. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ní abúlé rẹ̀ lápá Ọ̀nà-Àrà, òun ni a máa ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin alágbára. Bó bá ń kọ ebè, àwọn ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún kì í lè bá a dọ́gba. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ẹgbẹ́ wa pe nọ́ọ̀sì wá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn àsàlátù, gbogbo wa na apá. Òun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sí ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ máa yẹ ara yín wò. Àgbẹ̀ kì í ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Àwa náà bá a rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún kò yípo tí rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú lóko. Ó yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n lónìí orí àga ló ti ń kírun, bí Ìmáàmù bá sì ti ké Allahu Akbar, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló ń gòkè. Ti òsì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀rín tí a bá a rín yẹn ló ń dùn wá títí di òní. Bí a bá mọ̀ tó, tí a sì fẹ́ràn rẹ̀ tó, à bá ti bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ojú ìwé yìí tú àwọn èrò òdì kan palẹ̀, àwọn èrò tí àwa ọkùnrin máa ń gbé kiri nípa agbára ara àti nípa ọjọ́ orí, láti Mọ́níyà títí dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Àkànràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ara. Bí ènìyàn bá fún wa ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé kí a bá òun tọ́jú rẹ̀, a kò ní sọ pé ó wù wá kí a gbé e sí inú òjò. Ọlọ́hun ló ni ara yìí, Ó kàn fi pamọ́ sọ́wọ́ wa ni. Nínú Hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kí a mọ̀ pé ní Ọjọ́ Àjíǹde, wọn yóò bi ènìyàn léèrè nípa ara rẹ̀, pé kí ló lò ó gbó lé lórí, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti bi í léèrè nípa ọjọ́ ayé rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀. Nínú Sahih Muslim, ó tún kọ́ wa pé onígbàgbọ́ tó lágbára sàn, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn rẹ̀ ju onígbàgbọ́ tó jẹ́ ọ̀lẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Agbára tí à ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ara ni ìgbàgbọ́ ń gùn dé ibi iṣẹ́.

Àṣìṣe kìn-ín-ní: "Àgbẹ̀ ni mí, iṣẹ́ oko ti tó."

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní sẹ́ ẹ. Ní ọdún 1953, àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú London. Dírẹ́bà ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kọndọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ sókè sódò láti gba owó. Ìlú kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà sì ni, síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọndọ́ lọ. Iṣẹ́ tó ń mú ara lọ mú bọ̀ jẹ́ ààbò, ìyẹn dájú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ṣé iṣẹ́ oko ti àwọn bàbá wa ni à ń ṣe? Àwọn bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé oko, wọ́n sì ń ru iṣu bọ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé púpọ̀ nínú wa dé ẹ̀gbẹ́ ebè báyìí. Oògùn apakoríko ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ́. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá sì kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, à ń jókòó sábẹ́ igi fún oṣù púpọ̀, oúnjẹ kò sì dín kù.

Ohun kejì ni pé agbára kò sọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ń ru fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó ní i lè kọ igba ebè kó má mọ nǹkan kan. Iyọ̀ àti mágí tó pọ̀ nínú ọbẹ̀, sìgá, ọtí, sísanra jù, ọjọ́ orí, àti ohun tí a jogún láti ìdílé wà lára ohun tó ń fà á. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ilẹ̀ Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Karibíánì àti ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 àgbàlagbà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀dọ̀ tiwa, 26 ní Karibíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, 16 kì í ṣe òdo. Ó kan àwa náà. Èkejì, àwọn tó wà ní òkè òkun yẹn, ìran kan náà ni wá. Bí wọ́n ti ń jẹun, bí wọ́n ti ń sanra àti bí wọ́n ti ń gbé ayé ló yàtọ̀. Bí àwa náà bá gbé irú ayé yẹn wá sí abúlé wa, ohun tó wà lọ́hùn-ún yóò bá a wá.

Àṣìṣe kejì: "Ikùn ńlá, àmì ọlá ni."

Bí ọkùnrin bá gbéyàwó tí ikùn rẹ̀ yọ, à ń kí i pé ìyàwó ń tọ́jú rẹ̀. Bó bá fọn díẹ̀, à ń bi í pé ṣé kò sí ìyọnu. A ti fi àṣà yìí ba ara wa jẹ́. Ọ̀rá tó kó jọ sí àárín ikùn, tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, òun ló ń ṣí ọ̀nà fún àtọ̀gbẹ, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọkàn. Ẹ fa téèpù tẹ́lọ̀ yí ìbàdí yín ká. Ọkùnrin tí tirẹ̀ bá ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 94, èyí tí í ṣe bí ínṣì 37, kó mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti ronú.

Nínú ìròyìn tí àwọn onímọ̀ kó jọ nípa ìrísí Ànábì wa (SAW), wọ́n sọ pé ikùn rẹ̀ àti àyà rẹ̀ tẹ́ dọ́gba. Òun ló sì kọ́ wa, nínú Hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Miqdam, pé ìwọ̀nba òkèlè tí yóò gbé ẹ̀yìn ọmọ Ádámọ̀ ró ti tó o. Bí kò bá sì lè ṣe é, kó pín ikùn sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Kí àwa tí à ń jẹ àmàlà ní agbègbè Ìbàdàn yìí sọ òtítọ́ fún ara wa: ìdá wo ló kù fún èémí lẹ́yìn òkìtì tí a bá gbé mì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí a sì lọ sùn? Àmàlà kò ṣẹ̀, ewédú kò ṣẹ̀. Ìwọ̀n la kò mọ̀. Súrà Al-A'raaf, áyà 31, ti kìlọ̀ fún wa nípa àṣejù nínú jíjẹ àti mímu.

Àwọn kan sì rò pé bí àwọn bá ń dùbúlẹ̀ tí àwọn ń dìde lọ́nà ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́, ikùn nìkan ni yóò fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ikùn yóò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó bò ó kì í yan ibi tí yóò ti kúrò. Dídín oúnjẹ kù àti lílo gbogbo ara ló ń yọ́ ọ.

Àṣìṣe kẹta: "Mo ti dàgbà jù, bí Ọlọ́hun ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

A kò ní tan yín jẹ. Ogbó ń bọ̀. Súrà Ar-Ruum, áyà 54, sọ fún wa pé láti inú àìlágbára ni Ọlọ́hun ti mú wa wá, Ó fún wa ní agbára, lẹ́yìn náà Ó tún mú àìlágbára àti ewú wá. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sókè ni iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Kò sí eré ìdárayá tó lè dá ẹni ọgọ́ta ọdún padà di ẹni ogún ọdún, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, owó yín ló ń wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí à ń pè ní ogbó, ìdajì rẹ̀ lè jẹ́ àìlo ara. Ní ọdún 1990, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn mú arúgbó mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 86 àti 96, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn mẹ́sàn-án ló parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹni àádọ́rùn-ún ọdún bá lè rí èyí láàárín oṣù méjì, kí ni ẹni ogójì ọdún ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò yí Mẹ̀dínà ká ní ọdún 627, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Kò jókòó sábẹ́ àgọ́ kó máa pàṣẹ. Bukhari gbà wá pé òun fúnra rẹ̀ ń ru erùpẹ̀ pẹ̀lú wọn, títí eruku fi bo awọ ikùn rẹ̀. Ní ti kádàrá, òun náà ló sọ fún ará oko tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso pé kó so ó mọ́lẹ̀, kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Yíyẹ ara wò, okùn ràkúnmí ni. Ẹni tó bá so okùn tí ràkúnmí sì já, Ọlọ́hun ló kọ ọ́. Ẹni tí kò so ó rárá, kó má ti ẹ̀bi rẹ̀ sí kádàrá lọ́rùn.

Àṣìṣe kẹrin: "Ìrun wákàtí márùn-ún ti tó eré ìdárayá."

Ìrun, ìjọsìn ni. A kì í kí i nítorí iṣan. Lóòótọ́, oore rẹ̀ kan ara: orúnkún ń ṣẹ́, ẹ̀yìn ń tẹ̀, ìrìn lọ sí mọ́sáláṣí sì ní ẹ̀san ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yá, bí ìrìn kíákíá, kó sì fi ọjọ́ méjì ṣe ohun tó ń mú iṣan le. Ẹni tó bá ń fi ìkánjú kírun bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà kò rí ẹ̀san ìrun dáadáa, kò sì rí ti ara. Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà: kì í ṣe pé ìrun yóò gba iṣẹ́ ìdárayá ṣe, ìdárayá ni yóò jẹ́ kí a lè kírun ní ìdúró títí di ọjọ́ ogbó. Ẹ bi arákùnrin wa tó wà lórí àga. Ohun tó ń wù ú jù láyé yìí ni kó fi iwájú kan ilẹ̀.

Àṣìṣe karùn-ún: "Páragà àti oògùn ara ríro ló ń gbé mi ró."

Ọ̀rọ̀ yìí gbóná, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ní gbogbo gáréèjì wa ni wọ́n ti ń ta á ní àárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní ọ̀pá ẹ̀yìn ni, wọ́n ní agbára ọkùnrin ni. Inú ọtí ni wọ́n re púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Orúkọ agbo kò sọ ọtí di halali. Nínú Sahih Muslim, ọkùnrin kan sọ fún Ànábì (SAW) pé oògùn ni òun ń fi ọtí ṣe. Ó dá a lóhùn pé kì í ṣe oògùn, àrùn ni.

Ẹlòmíràn kì í mu páragà, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń gbé oògùn ìrora mì kó tó lọ sóko. Oògùn ìrora kì í fún ènìyàn lágbára. Ó kàn ń pa ẹnu ara mọ́ kó má lè ké ni. Àwọn kan lára wọn, bí a bá ń lò wọ́n lálòjù, ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n ń dá egbò sí inú ikùn, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Tramadol sì wà, tó ń sọ ọ̀dọ́ di ẹrú rẹ̀. Kí ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ń dín kù nínú yàrá má sáré lọ sọ́dọ̀ aláte ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn lè jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń dí. Kó tọ dókítà lọ, kó sọ òtítọ́. Ìtìjú kì í ṣe oògùn.

Àṣìṣe kẹfà: "Ọkùnrin ni ẹni tí àyà rẹ̀ yọ."

Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń gbé irin, a kò bá yín jà. Agbára dára. Ṣùgbọ́n bó bá di pé ẹ ń ṣí ìhòòhò yín kiri, tí ìrun Àsàrí ń kọjá lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ kí iṣan lè yára wú, ẹ ti sọ ohun ìfipamọ́ Ọlọ́hun di òrìṣà. Ẹ lọ ka Súrà Al-Qasas, láti áyà 23 sí 26. Ànábì Musa dé ibi kànga Mádíyánà, ó rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn kò rí àyè fún ẹran wọn lómi. Ó bá wọn fà á, ó padà sábẹ́ ibòji, kò sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́rìí rẹ̀ níwájú bàbá wọn, ohun méjì ló mẹ́nu bà: ó lágbára, ó sì ṣe é fọkàn tán. Agbára tí a fi fa omi fún ẹlòmíràn ni ọmọbìnrin náà rí.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà méjì. Ọwọ́ yín ni iyọ̀ àti òróró wà. Ẹ dín wọn kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso pọ̀ sí i nínú abọ́. Ẹ má yin ikùn ọkọ yín mọ́. Ẹ bá a lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni pé ara tiyín náà, ohun ìfipamọ́ ni. Ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sáré ìdíje. Òun ló kọ́kọ́ borí, nígbà tí ó wá sanra, Ànábì borí rẹ̀, ó sì fi ṣe àwàdà pẹ̀lú rẹ̀. Abu Dawud ló gbà á wá. Ẹ lè rìn pa pọ̀ láàárọ̀ nínú híjáàbù yín láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Kí ni kí a wá ṣe? A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni na owó. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, débi tí ẹ ó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò ní lè kọrin. Ẹ sọ ọ̀kadà kalẹ̀ kí ẹ tó dé oko. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, kí ẹ gbé ara sókè sódò. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí èémí ń há, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ti dàgbà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kò jìnnà sí wa. Bó bá ń tó 140 lórí 90 léraléra, àìsàn ni, bí ara tilẹ̀ le bí òkúta. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yá. Kì í ṣe oògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara yá nítorí pé ẹ ń lò ó ni. Kò yẹ kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ní UCH ni a ti máa kọ́kọ́ gbọ́ iye tí ẹ̀jẹ̀ wa jẹ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá tún wá lẹ́yìn àsàlátù, bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín pé òun kò ní na apá, kí a má bá a rẹ́rìn-ín. Kí ẹnì kan nínú wa dìde, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́hun. Arákùnrin wa ti ṣèlérí pé òun ni yóò kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún arákùnrin wa ní àlàáfíà. Kí Ó fi alubarika sí ìgbọ́rọ̀ wa, ìríran wa àti agbára wa níwọ̀n ìgbà tí a bá wà láyé. Kí Ó má fi ọwọ́ ara wa tì wá sínú ìparun. Kí Ó jẹ́ kí iwájú wa máa kan ilẹ̀ fún Un títí di ọjọ́ tí a ó padà sọ́dọ̀ Rẹ̀. Àmín.